Àga Tí Wọ́n Bá Wí

Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ má tan rédíò. Télọ̀ ni mí, ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi tó mi í gbọ́. Àwọn oníbàárà mi àtijọ́ mọ̀, wọn kì í bi mí léèrè mọ́. Àwọn tuntun ló máa ń ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn díẹ̀," tí màá sì fajú ro bí ẹni tí wọ́n ní kó wá san gbèsè tí kò jẹ.

Kì í ṣe bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀ nìyí o. Nígbà kan, tó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù òpópónà wa ló ń pa iṣẹ́ tì nítorí ètò kan tí wọ́n ń pè ní Ẹ Wá Wí Tẹnu Yín. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni wọ́n ti ń ṣe é, níwájú èrò. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ń jáde lórí afẹ́fẹ́. Kò sí pé ẹnì kan ń gé e, kò sí pé ẹnì kan ń tún un tò. Ohun tó bá ti ẹnu rẹ bọ́, ó ti dé etí gbogbo agbègbè nìyẹn. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó.

Ọkùnrin tó ń darí ètò náà, Ẹnu Abẹ ni a ń pè é. Ẹnu rẹ̀ mú lóòótọ́, àwa náà sì fẹ́ràn rẹ̀, ká má purọ́. Ohun tí a fẹ́ràn jù nínú àṣà rẹ̀ ni ti àga. Bó bá ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan pé kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀ fáráyé, tí ọ̀gá náà kò bá yọjú, Ẹnu Abẹ kò ní gbé àga rẹ̀ kúrò. Àárín pèpéle gan-an ló máa gbé e sí, á sì máa bá àga sọ̀rọ̀. "Àga, ọ̀nà tí ẹ ní ẹ máa ṣe ńkọ́?" Á dákẹ́ díẹ̀. "Àga ní òun ò gbọ́ o!" Èrò á bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kángun sí tèmi, a máa rẹ́rìn-ín títí òòyà á fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín?

Ọkọ mi ni ọ̀gá tó ń bójú tó ìsédò, ibi tí wọ́n ti sé odò mọ́lẹ̀ lókè ìlú kí a lè rí omi ẹ̀rọ lò. Lákòókò òjò tó kọjá, òjò rọ̀, kò dá. Odò kún àkúnya, ògiri ìsédò bẹ̀rẹ̀ sí í lanu. Bí wọn kò bá ṣí ilẹ̀kùn omi, ògiri á wó, odò á sì gbé gbogbo ìlú lọ. Ọkọ mi ṣí i. Ọ̀sán gangan ni. Kó tó ṣí i, ó ti tẹ àwọn aláṣẹ láago pé kí wọ́n fọn fèrè ìkìlọ̀ fún àwọn tó wà létí odò nísàlẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Fèrè kò dún. Omi bá àwọn èèyàn nínú ilé, ó bá wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí omi gbé lọ ni Káfíńtà, ọmọ kan ṣoṣo tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bí.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí, obìnrin ni, olùkọ́ ló sì jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Tíṣà ni gbogbo ayé ń pè é. Òun ló tọ́ ọkọ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Èmi tí mo jẹ́ ìyàwó ilé, "ọkọ mi" ni mo ń pe òun náà, òun á sì ní "ìyàwó mi", á máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé abẹ́rẹ́ mi ò mú tó ahọ́n mi. Káfíńtà ló kan tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá ní kó jókòó, á kọ́kọ́ bi ọ́ pé níbo lo fẹ́ kí òun jókòó sí.

Ikú ọmọ yẹn nìkan kọ́ ló ṣe Tíṣà lọ́ṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni. Wọ́n jáde lórí rédíò, wọ́n ní fèrè dún, wọ́n ní àwọn tó gbọ́n ti sá, pé àwọn olóríkunkun tó padà lọ kó ẹrù ni omi gbé. Olóríkunkun! Káfíńtà! Ṣíọ̀! Láti ọjọ́ náà, bí Tíṣà bá ń lọ lójú pópó, wọ́n á ní, "Ìyá ọmọ tó padà lọ kó páákó nìyẹn." Obìnrin kan tilẹ̀ tọ́ka sí i, ó sì fi ṣe ẹ̀kọ́ fún ọmọ tirẹ̀: "Ṣé o rí i? Ẹni tí kì í gbọ́ràn, bó ṣe ń gbẹ̀yìn ẹ̀ nìyẹn." Tíṣà yà kúrò níbẹ̀. Ó wálé, ó sùn, kò jẹun fún odindi ọjọ́ kan.

Wọn ò gba àwọn tó yè bọ́ gbọ́; ọkọ mi nìkan ló wà nípò tó lè sọ pé fèrè kò dún, kí wọ́n sì gbà. Ó kọ́kọ́ sọ fún àwọn oníròyìn kan, wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa gbé e jáde, wọ́n ti gé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Tíṣà wá pè é. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Má wá máa ṣàlàyé fún mi nínú yàrá. Èmi mọ ọmọ tí mo bí. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọn ò ti ní lè gé e. Ẹnu Abẹ ti pe àwa ìyá olóòkú, ó sì ti pe ìwọ náà. Iwájú ni mo máa jókòó sí. Sọ ọ́ lójú mi, kí gbogbo wọn gbọ́."

"Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi," ni ọkọ mi wí.

Ó mọ̀ pé iṣẹ́ lè ti ibẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òun. Mo bi í léèrè. Ó ní kó bọ́.

Lọ́jọ́ náà, mo lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un, mo bá a gbọn kóòtù. Mo ní n ó bá a lọ. Ó ní ká má dán an wò. "Bí ẹnì kan bá bú mi níbẹ̀, o ò ní jẹ́ kó bú mi tán kí o tó gun pèpéle lọ bá a." Mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ara mi. Ó jáde. Mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, Onídìrí gbé rédíò rẹ̀ wá bá mi, ó ní òun ò ní jẹ́ kí n dá a gbọ́.

Àwọn ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó kan Tíṣà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ọmọ mi gbọ́ fèrè, ó wá kọtí ikún. Èmi ò ní sọ nǹkan kan. Àbúrò mi ló ṣí ilẹ̀kùn omi. Ó ń bọ̀ wá sọ fún yín bóyá fèrè dún tàbí kò dún." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Onídìrí nu ojú rẹ̀.

Ẹnu Abẹ wá ní, "Ọ̀gá ìsédò, ẹ máa bọ̀ lórí pèpéle." Ẹnì kankan ò jáde. Ó tún pè é. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ nǹkan wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí. Ẹnu Abẹ mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní kò sí ní yàrá àlejò. Wọ́n ní kò wá."

Mo mọ ohun tó kàn. Mo dìde dúró níwájú rédíò, mo ní, "Má ṣe é. Jọ̀ọ́, má ṣe é." Àfi bí ẹni pé ó lè gbọ́ mi.

"Àga, ẹ káàsán o!"

Èrò rẹ́rìn-ín.

"Àga, ṣé fèrè dún?" Ó dákẹ́. "Àga ní omi wà nínú etí òun o! Àga, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

Wọn ò rẹ́rìn-ín sí èyí. Wọ́n ń kígbe pé, "Ó sá! Ó sá!" Ọ̀kan ní, "Bí fèrè ò bá dún lóòótọ́, kí ló dé tó sá?" Mo tẹ ọkọ mi láago, fóònù rẹ̀ kò lọ. Onídìrí fẹ́ dín ohùn rédíò kù, mo jágbe mọ́ ọn pé kó fi í sílẹ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ọkọ mi ti kú. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò sùn dáadáa láti ìgbà tí omi ti gbé ọmọ yẹn. Ó ti ṣubú síbì kan lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń fi òkú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n ń kà lórí rédíò fún àwọn tó ń gbọ́ wọn láti ilé.

"Ta ló ń pè?" ni ẹni tó gbé e wí.

"Ìyàwó ọ̀gá ìsédò ni."

Wọn ò jẹ́ kí n dúró rárá. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi nínú rédíò Onídìrí. Mo ní, "Ọkọ mi ti jáde nílé láti àárọ̀. Kì í ṣe ẹni tó ń sá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a, nǹkan ti ṣe é."

"Ìyá," ni Ẹnu Abẹ wí, "ṣé ẹ̀yin náà ń wá a ni? Ẹ wá tò sẹ́yìn wa, àwa náà là ń wá a o!"

Gbọ̀ngàn dà rú fún ẹ̀rín. Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ohùn Tíṣà: "Ẹ gbé nǹkan yẹn fún mi. Ìyàwó mi nìyẹn." Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé lóòótọ́ ló jáde?"

"Lóòótọ́ ni, ọkọ mi. Ojú mi ló ṣe."

"Ó sọ pé ibí ni òun ń bọ̀?"

"Ibẹ̀ ló ń bọ̀."

"Ó dáa. Níbo ló wá wà?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni ǹ bá sọ? Irọ́ kún ẹnu mi. Ǹ bá ní ó wà nílé ìwòsàn, ǹ bá ní mọ́tò kọ lù ú. Ṣùgbọ́n Tíṣà ló bi mí, ẹni tí omi gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn ní, "Háà." Wọ́n gé mi kúrò.

Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, mo gun alùpùpù, mo ní kó máa sáré. Nígbà tí mo débẹ̀, èrò ti tú jáde, wọ́n kún ẹnu ọ̀nà. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ la àárín wọn kọjá, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ni mo ti rí ọkọ mi. Ó wà láàyè. Ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì dé ìgbọ̀nwọ́, ṣòkòtò rẹ̀ tutù rinrin, sípánà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wólẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbójú sókè wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ọpẹ́ yẹn ti yá jù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Wọ́n mú un lọ sí yàrá àlejò kan tó wà lọ́nà jíjìn, kí òun àti àwọn ìyá olóòkú má baà pàdé kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, torí fóònù tó bá dún lè ba ètò jẹ́. Wọ́n ní kó jókòó, pé bó bá ti kàn án, àwọn á wá pè é. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ní ó gbọ̀n débi pé òun ò lè gbé ife omi dé ẹnu. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kékeré kan sì wà nínú yàrá yẹn, ẹ̀rọ omi ibẹ̀ ń jò sílẹ̀. Ẹ mọ̀ pé oníṣẹ́ omi ni. Sípánà kékeré kì í kúrò nínú àpò rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé bí ọwọ́ òun bá ti rí nǹkan dì mú, á dúró. Ó bọ́ kóòtù, ó sùn sílẹ̀ gbalaja sábẹ́ báásínnì ìfọwọ́, ó sì ń tún un ṣe.

Obìnrin tó ń mú àlejò lọ sórí pèpéle wá ṣílẹ̀kùn. Ó wo àwọn àga, kò rí ẹnì kan. Ó wo ọ̀ọ́kán, ó rí ẹsẹ̀ ọkùnrin kan tó yọ jáde lábẹ́ báásínnì. Wọ́n ti ń retí ẹni tó máa wá tún ẹ̀rọ omi náà ṣe láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọkọ mi dáhùn láti ìsàlẹ̀ pé, "Ò o, ẹ ṣé o." Ó rò pé ìyá tó ń gbálẹ̀ ni. Obìnrin yẹn pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ sọ fún Ẹnu Abẹ pé àlejò kò wá.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹ̀kọ́ ilé ló ṣe wá ní jàǹbá. Ká ní ọ̀kan nínú wọn jẹ́ aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, tí kò kíni tàbí tí kò dáhùn, wọn ì bá ti wo ojú ara wọn.

Mo di Ẹnu Abẹ mú lọ́rùn ṣẹ́ẹ̀tì. Mo ní, "Pè wọ́n padà! Tún un bẹ̀rẹ̀!" Kò bá mi jà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, a ti kúrò lórí afẹ́fẹ́." Mo sì gbọ́ ọ lóòótọ́, ìròyìn bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà nínú rédíò ara ògiri. Ọkọ mi ò wo èmi tàbí òun. Ó ń bi obìnrin yẹn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?" Obìnrin náà wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní Tíṣà ti bá bọ́ọ̀sì àwọn ìyá yòókù lọ. Ó ní Tíṣà ló dìde kẹ́yìn, pé wọ́n ti ń to àga jọ, ó ṣì jókòó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tọrọ àforíjì nínú ìròyìn, gbólóhùn kan, láàárín ojú ọjọ́ àti bọ́ọ̀lù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ẹnu Abẹ pe ọkọ mi padà. Ó lọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní fèrè kò dún. Ó ní òun pe àwọn aláṣẹ. Ó ní Káfíńtà kò padà lọ kó páákó kankan, pé ẹnu iṣẹ́ ni omi bá a, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún un. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń jó bí wèrè. Mo ní ó parí, ọmọ wa ti bọ́ lẹ́nu ayé.

Wọ́n wá ṣí fóònù. Ẹni àkọ́kọ́ ní, "Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi jókòó ro irọ́ yìí." Èkejì ní, "Àga yẹn sàn jù ú lọ. Àga ò purọ́." Ẹnu Abẹ gbìyànjú, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣàlàyé ti ẹ̀rọ omi tó ń jò. Áà! Ibẹ̀ ni wọ́n ti rẹ́rìn-ín jù. Obìnrin kan ló pè gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn èèyàn rere. Ó ní, "Ẹ má bínú sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ kó bá òun fọ ọmọ òun mọ́."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ó bá a lóòótọ́, àmọ́ wọn ò ṣílẹ̀kùn fún un. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn aláṣẹ sì ní kí ọkọ mi lọ máa sinmi nílé.

A wá múra lọ sọ́dọ̀ Tíṣà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ń gbálẹ̀ ìta rẹ̀. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi kúnlẹ̀. Tíṣà ní, "Dìde, ilẹ̀ tutù." Ó gbé àga fún wa, ó bu omi wá. Inú mi dùn. Mo ní nínú ara mi pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ rọ̀.

"Mo gbọ́ ọ lórí rédíò," ló wí fún ọkọ mi. "O sọ ọ́ dáadáa. Bí mo ṣe fẹ́ kí o sọ ọ́ náà lo sọ ọ́. Nígbà tí o parí, ará ilé ọ̀ọ́kán wá bá mi. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo lè rán èèyàn níṣẹ́ irọ́ nítorí ọmọ tó ti kú."

Tíṣà fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó.

"Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ẹ̀rọ omi tí wọ́n sọ yẹn, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Láti kékeré, bí ẹ̀rù bá ti ń bà ọ́, wàá wá nǹkan tú palẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti sin ọmọ. "Omi! Omi gbé ọmọ mi lọ, mo jókòó níwájú èrò, mò ń retí rẹ, omi náà lo tún ń bá dí ihò!" Ó rẹ́rìn-ín títí, ẹ̀rín náà sì di ẹkún, mo sáré dì í mú. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sunkún níbẹ̀. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Nígbà tó yá, ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú. Ó ní, "Mi ò bínú. Ká ní ńṣe lo sá, ǹ bá bínú sí ọ, ìbínú á sì tán lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti wo ojú rẹ, ẹ̀rín wọn ni mò ń gbọ́. Wọ́n ń fi ọmọ mi rẹ́rìn-ín." Ó wá kọjú sí mi. "Ìyàwó mi, ìwọ máa wá kí mi. Mo ní aṣọ tó ya tí o máa bá mi rán. Àmọ́ mú ọkọ rẹ lọ sílé, kó má wá síbí mọ́."

Ọkọ rẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, àbúrò mi ló máa ń pè é, kódà nígbà tó bá ń bú u. Ọkọ mi náà gbọ́ ọ. Ó dìde, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe lọ́rùn, ó sì ní, "Ó dàbọ̀ o, mà," bí ẹni tó wá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ obìnrin tí kò mọ̀ rí.